Odídẹ tó ń sá fún ọwọ́: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọBódìjà · Ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Odídẹ kan dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù tó kọjá. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kó kúrò nílùú, kò sì lè gbé e dání. Ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè, kò sì sí òrùka kankan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti gé ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì. Bí a bá jókòó síbi tó jìnnà, á máa súfèé, á máa sín ìró fóònù jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti wọ inú kéèjì láti pààrọ̀ omi, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ajá, á máa fi ara gbá irin, á sì já bọ́ sí ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn ló ń bẹ̀rù, torí bí mo bá káwọ́ sẹ́yìn tí mo lọ bá a, kì í sá. Ọwọ́ gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí la ó ṣe?

BabaÀgò · 8:02 àárọ̀

Ìbọ̀wọ́ awọ ni kí o wá, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń wọ̀. Mú un lójoojúmọ́, dì í mú jẹ́ẹ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìyẹ́ apá rẹ̀ bá tún hù, gé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, á ti mọ̀ pé o ò ní pa òun, kò sì ní jà mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayébáyé nìyẹn.

ÌyáOdídẹ · 9:40 àárọ̀

Baba, ẹ má bínú o, ibi tí ẹ̀rù náà ti wá gan-an lẹ ní kí wọ́n dá ẹyẹ padà sí yìí.

Odídẹ àgbà tí kò ní òrùka lẹ́sẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń sin ẹyẹ máa ń fi sí ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹ tí wọ́n pa nílé, inú igbó ló ṣeé ṣe kí wọ́n ti mú un. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mú wọn: wọ́n á so odídẹ kan mọ́ orí igi kó máa ké pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi àtè sí ẹ̀ka tó wà nítòsí. Èyí tó bá bà lé e, ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a kúrò lára àtè, ìyẹ́ á sì máa já. Ọwọ́ kan náà ló gbé e sínú àpótí, òun náà ló di apá rẹ̀ mú tí wọ́n fi gé e. Fún irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, kò tíì sí ọjọ́ tí ọwọ́ kàn án lára tí nǹkan dáadáa tẹ̀ lé e. Kì í ṣe agídí ló ń ṣe é, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló fi ń ṣe ìwà hù.

Bí ẹ bá dì í mú pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, lóòótọ́ ni, á dákẹ́. Ṣùgbọ́n odídẹ tó dákẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ kejì kò fọkàn tán yín, ó ti gba kádàrá ni. Àyà rẹ̀ á ṣì máa lù kìkì. Púpọ̀ nínú irú wọn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ ara wọn tu lẹ́yìn náà, àyà wọn á wá pá bíi ti adìẹ tí wọ́n fẹ́ sun.

Ohun àkọ́kọ́ tí ỌmọBódìjà gbọ́dọ̀ kọ́ ni kíka ara ẹyẹ. Kí odídẹ tó kùn, ó ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣáájú. Àkọ́kọ́, ìyẹ́ ara á lẹ̀ mọ́ ọn, á rí tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn á gùn. Èkejì, á tẹ̀ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ yín láì gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta, á gbé ẹsẹ̀ kan sí òdì-kejì igi tó ń bà lé. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni á tó kùn. Ẹni tó bá dúró nígbà àkọ́kọ́ kò ní gbọ́ kíkùn láéláé. Àwọn tó ní "ó kàn ṣàdéédéé bù mí jẹ" ni kò rí mẹ́ta ìṣáájú yẹn.

Bí ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bá dìde, tí orí rẹ̀ wá sílẹ̀, tí ọmọlójú rẹ̀ ń kéré, ń tóbi, ń kéré, ara rẹ̀ ti gbóná nìyẹn. Ó lè jẹ́ ìdùnnú, ó lè jẹ́ ìbínú. Ẹ má fi ọwọ́ wádìí èwo ni.

ỌmọBódìjà · 10:21 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá. Ti títẹ̀ sẹ́yìn yẹn, mo ti rí i, mo rò pé ó ń na ara ni. Ṣùgbọ́n omi àti oúnjẹ ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni ọwọ́ ní láti wọlé. Àárín pálọ̀ ni kéèjì rẹ̀ wà, lórí àpótí kékeré kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orúnkún mi.

Ìkóódẹ_Pupa · 12:08 ọ̀sán

Ẹ ti fúnra yín sọ ìdajì ìṣòro yẹn. Kéèjì tó wà ní ìwọ̀n orúnkún, òkè orí rẹ̀ ni gbogbo ọwọ́ ti ń wá. Òkè sì ni àṣá ti ń wá bá ẹyẹ. Ẹ gbé e sókè tó fi jẹ́ pé igi tó ń bà lé á wà ní ọ̀gangan àyà yín. Ẹ fi ẹ̀yìn kéèjì ti ògiri, kó má baà jẹ́ pé ihà mẹ́rin ni yóò máa ṣọ́. Kò gbọ́dọ̀ kọjú sí fèrèsé gbalasa, kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé ìdáná. Lálẹ́, ẹ fi aṣọ bo ihà mẹ́ta kó lè sun tó wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá. Ẹyẹ tí jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n kò jẹ́ kó sùn kì í ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ omi: ẹ gbé abọ́ méjèèjì wá sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí ọwọ́ má baà wọ inú jìnnà. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀pà kan há irin ní òdì-kejì kéèjì, láti ìta. Ẹ dúró títí yóò fi lọ mú un fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá wà lọ́hùn-ún ni kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ ká ìka yín pọ̀, kí ọwọ́ gba ìsàlẹ̀ wọlé, kó mú abọ́, kó jáde. Ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ṣe é báyìí lójoojúmọ́, tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, á ti máa lọ sí ọ̀hún kí ẹ tó débẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ ṣíbí. Ẹ wá ṣíbí onígi tí ọwọ́ rẹ̀ gùn. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kéèjì fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin láì fi ṣe ohunkóhun, torí odídẹ a máa bẹ̀rù ohun tí kò rí rí. Nígbà tí kò bá kà á sí mọ́, ẹ fi ẹ̀pà sí ẹnu ṣíbí, ẹ di ìdí rẹ̀ mú, ẹ nà án sí i láàárín irin. Ọwọ́ yín jìnnà, oúnjẹ ló súnmọ́ ọn. Bí ó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láì tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ sún ọwọ́ yín síwájú lórí igi ṣíbí ní ìwọ̀n ìka kan péré. Ìka kan lọ́jọ́ kan. Bí ó bá kọ̀, ẹ sún un padà ìka méjì. Nígbà tó bá yá, ẹnu ṣíbí ló kù láàárín yín, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹwọ́ yóò di ṣíbí.

ArẹyẹWò · 1:35 ọ̀sán

Iṣẹ́ ìwòsàn ẹranko ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn nǹkan kan síbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹyẹ kan bá ti ń gba ọwọ́ tẹ́lẹ̀ tó wá ṣàdéédéé bẹ̀rẹ̀ sí í sá, ẹ kọ́kọ́ ro àìsàn. Odídẹ a máa fi àìlera pamọ́ títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Ẹ wo ìrù: bí ìrù bá ń mì lọ mì bọ̀ pẹ̀lú èémí nígbà tó dúró jẹ́ẹ́, èémí ń nira fún un. Ẹ wo ìgbẹ́: ó yẹ kó ní apá tó dúdú tàbí tó tutù bí ewé, apá funfun, àti omi díẹ̀. Bí apá funfun bá di àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ewé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ẹ ra òṣùwọ̀n ìdáná tó ń ka gíráàmù. Ọ̀pọ̀ odídẹ wúwo láàárín 400 sí 500 gíráàmù. Ẹ kọ́ ọ láti máa fúnra rẹ̀ bọ́ sórí igi kékeré tí ẹ so mọ́ òṣùwọ̀n náà, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kó tó jẹun. Bí èyí tó wúwo tó 450 bá já sí 405, ẹ má fi ẹ̀kọ́ kankan ṣe, dókítà ni.

Mo ń sọ èyí torí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa tó ní kí ẹ fi ebi pa á kó lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó nífẹ̀ẹ́ sí jù ni kí ẹ yọ kúrò nínú abọ́, kó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ló ti lè rí i. Abọ́ gbọ́dọ̀ kún fún oúnjẹ yòókù: ojú ẹyìn, kárọ́ọ̀tì, ata rodo, àgbàdo tútù, ẹ̀wà sísè. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu, ẹ má bẹ̀rù. Kì í mú un sọ̀rọ̀ náà o, bí àwọn kan ṣe ń wí. Èso gbígbẹ nìkan kò tó o, fítámì A rẹ̀ kéré, odídẹ sì wà lára àwọn ẹyẹ tí káṣíọ́ọ̀mù tètè máa ń tán lára wọn, tí gìrì á fi gbé wọn.

Ẹ̀pà tí ẹ máa fi ṣe ẹ̀san: yíyan tí kò ní iyọ̀, kí ẹ là á sí mẹ́rin. Èyí tó bá bu, bó ti wù kó kéré, ẹ dà á nù, májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Píà, ṣokoléètì, kọfí, ọtí àti obì kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Ẹ má sì fi ẹnu yín bọ́ ọ. Itọ́ ènìyàn léwu fún un, àìsàn ẹyẹ náà sì lè ran ènìyàn.

BabaÀgò · 4:50 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbọ́. Ti ìbọ̀wọ́, mo fara mọ́ ọn pé kì í ṣe ohun ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má wá sọ fún mi pé ẹyẹ tó lè fò kò ní gbẹ̀mí ara rẹ̀ mọ́ ògiri tàbí fáànù. Ìyẹn ni mo ṣe ní ká gé ìyẹ́. Bí iná bá sì jó ilé, ṣé ṣíbí lẹ ó fi mú un jáde?

ÌyáOdídẹ · 5:33 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ fáànù, Baba. Ẹ pa fáànù, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fa kọ́tìnnì sójú gíláàsì kí ó tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lára ẹyẹ yìí, gígé ìyẹ́ ń fi kún un ni. Ẹyẹ tó lè sá á sá, èyí tí kò lè sá, jíjẹ ló kù fún un. Odídẹ wúwo, èyí tí wọ́n gé kúrú bá já bọ́, àyà ló fi ń gún ilẹ̀, awọ ibẹ̀ á là, eegun lè ṣẹ́. ỌmọBódìjà, ẹ tẹ́ nǹkan tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ kéèjì báyìí kí ìyẹ́ tuntun tó hù. Ìyẹ́ tuntun ní ẹ̀jẹ̀ nínú, bí ó bá ṣẹ́ níbi tó ti ń fi ara gbá irin, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, kódà ọdún kan, kí gbogbo wọn tó pàrọ̀.

Ti pàjáwìrì: àpótí kékeré tí à ń fi gbé e rìnrìn-àjò ni kí ẹ kọ́ ọ láti wọ̀. Ẹ ṣí i sílẹ̀ nítòsí, kí ẹ̀pà máa wà ní ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ní àárín, lẹ́yìn náà ní ìdí. Tówẹ́ẹ̀lì wà fún ọjọ́ tí iná bá jó ní tòótọ́, ẹlòmíràn ni kó sì mú un, kí ọwọ́ yín má baà jẹ̀bi.

Odídẹ_Peckham · 9:12 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Láti London ni mo ti ń kọ èyí. Ṣíbí dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ fi kún un.

Àkọ́kọ́, kíkúrò yín náà jẹ́ ẹ̀san. Ohun tí ẹyẹ tó ń bẹ̀rù fẹ́ jù kì í ṣe ẹ̀pà, àyè ni. Ẹ gbé ọwọ́ yín wá láti ẹsẹ̀ bàtà 6, díẹ̀díẹ̀, títí ìyẹ́ rẹ̀ á fi lẹ̀ mọ́ra. Ẹ dúró níbẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti dẹ̀, ẹ mú ọwọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Yóò mọ̀ pé jẹ́ẹ́ tí òun ṣe ló lé ọwọ́ lọ, kì í ṣe kíkùn.

Èkejì, igi àtọ́ka. Igi ṣúyà tó mọ́, tí ẹ ti gé ṣóńṣó rẹ̀, ti tó. Ẹ nà án sí i. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti kan orí igi, ẹ sọ "Ó káre!" lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀pà tẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá mọ èyí, ẹ lè fi igi yẹn darí rẹ̀ lọ síbi tí ẹ bá fẹ́ láì fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ẹ sì dá a dúró nígbà tó ṣì ń fẹ́ sí i.

ÌyáOdídẹ · 9:58 alẹ́

Igi àtọ́ka, mo fọwọ́ sí i tọwọ́ tẹsẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yẹn ni mo ń bẹ̀rù fún ẹni tí kò tíì mọ ara ẹyẹ kà. Bí ẹ bá ti súnmọ́ ọn jù kí ẹ tó dúró, ẹyẹ á gan sójú kan, ẹ ó rò pé ara rẹ̀ ti dẹ̀. Èyí tó gan kì í ṣẹ́jú, kì í yí orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á di igi mú ṣinṣin. Èyí tí ara rẹ̀ dẹ̀ á gbọn ìyẹ́ yọọ, á fi ẹnu nu igi, á ká ẹsẹ̀ kan sókè. Ìdánwò kan wà tí kì í tanni jẹ: ẹ fi ẹ̀pà lọ̀ ọ́. Bí ó bá kọ ẹ̀pà tí ì bá jẹ bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, ẹ ti súnmọ́ ọn jù.

Odídẹ_Peckham · 10:06 alẹ́

Mo gbà bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ìdánwò ẹ̀pà ni kí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹsẹ̀ bàtà 6 tí mo sọ, kí wọ́n má fi ṣe òfin.

Tóbi_Ọlọ́sìn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:44 àárọ̀

Ẹ ò ṣe ra òmíràn tí ọwọ́ ti mọ́ lára, kí èyí máa wò ó kọ́ṣe?

ArẹyẹWò · 7:20 àárọ̀

Àbúrò, rárá o. Méjì lè di ọ̀rẹ́ ara wọn kí wọ́n má wò yín mọ́, wọ́n sì lè bá ara wọn jà. Ní àfikún, láti January 2017 ni odídẹ ti wà ní ìpele kìíní nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò àwọn ẹ̀dá inú igbó, lẹ́yìn ìpàdé Johannesburg ọdún 2016. Òwò èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ti di èèwọ̀. Wọ́n ń tán lọ nínú igbó. Gbogbo ẹni tó bá ra ọ̀kan lọ́jà ń rán alátè padà sí orí igi ni. Èyí tó ti wà nílé ni ká tọ́jú.

ỌmọBódìjà · Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, 8:05 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Kò kùn mọ́ tí a bá ń pààrọ̀ omi. Ó ti ń gba ẹ̀pà ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń fi ẹnu kan igi ṣúyà ní gbogbo ibi nínú kéèjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ìka wá kó gùn ún, á la ẹnu sí i, èmi náà á fà á sẹ́yìn. Ṣé ó fẹ́ jẹ mí ni?

Ìkóódẹ_Pupa · 8:51 àárọ̀

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Odídẹ máa ń fi ẹnu dán ẹ̀ka wò kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e, bí àgbàlagbà ṣe ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ wò. Ẹnu tó ń dánni wò máa ń wá díẹ̀díẹ̀, ahọ́n dúdú á kọ́kọ́ kàn yín lára, ìyẹ́ ọrùn á wà nílẹ̀. Bí ẹ bá fa ọwọ́ nígbà yẹn, ohun tí ẹ kọ́ ọ ni pé ẹ̀ka yìí kò dúró. Kò ní gùn ún.

Torí náà, kó jẹ́ igi ló máa kọ́kọ́ gùn. Ẹ gé ẹ̀ka gúáfà tó nípọn bí àtàǹpàkò, kó gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín lé tábìlì kí ọwọ́ má gbọ̀n. Ẹ fi ẹ̀ka náà sí iwájú rẹ̀, ó ga díẹ̀ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹ fi igi ṣúyà tọ́ka sí òdì-kejì. Ẹ má fi tì í nínú. Ẹsẹ̀ kan gùn ún, "Ó káre", ẹ̀pà, kó sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti ń gùn ún láì ronú, ẹ máa sún ọwọ́ yín súnmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀ka náà bí ẹ ti ṣe ti ṣíbí, títí ẹsẹ̀ kan á fi wà lórí igi, èkejì lórí ìka.

Bí ó bá bu yín jẹ ní tòótọ́, ẹ má pariwo, ẹ má jù ú sílẹ̀. Ẹ gbé e súnmọ́ ibi tó lè bọ́ sí, kó bọ́ síbẹ̀, kí ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn parí.

BabaÀgò · 9:30 àárọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láì fi ìbọ̀wọ́ kàn án. Ẹ káre. Ẹ bá mi bi wọ́n, tó bá ti gun ọwọ́ tán, ṣé a lè fọwọ́ pa á lára?

ÌyáOdídẹ · 9:47 àárọ̀

Orí àti ọrùn nìkan, Baba, nígbà tó bá fúnra rẹ̀ tẹ orí sílẹ̀ tó sì tú ìyẹ́ ibẹ̀ fún yín. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka họ ọ́ ní ìdojú ìyẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kí ẹ mú ọwọ́ kúrò kí ẹ wò ó. Bí ó bá fẹ́ sí i, á tún tẹ orí sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti abẹ́ apá, ẹ fi sílẹ̀. Akọ àti abo ló ń fọwọ́ kan ara wọn níbẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, á tún padà máa jẹni.

ỌmọBódìjà · 10:02 àárọ̀

Mo ti rí ẹ̀ka gúáfà kan tó tọ́ lẹ́yìnkùlé. Ó wà lóòrùn báyìí.